Bí a ṣe ń tún ìwé ìtọ́sọ́nà redirect kọ kó lè yé ènìyàn

Bí oníṣòwò aṣọ òfì kan n'Ílọrin bá kó kúrò ní Ọjà Ọba lọ sí Ìpàta, oníbàárà tó bá dé ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ á bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ léèrè. Kì í ṣe ibi tó kó lọ nìkan ló yẹ kẹ́ni náà sọ. Ó yẹ kó sọ bóyá ó kó lọ pátápátá ni, àbí wọ́n kàn ń tún òrùlé ṣe. Iṣẹ́ tí redirect ń ṣe fún URL, ìyẹn àdírẹ́sì ojú ewé orí ayélujára, nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kejì yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà framework (àkójọ irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ìkànnì) máa ń fò.

Ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ ṣe redirect kan láìfi ohunkóhun kún un, kí ẹ tẹ curl -I (àṣẹ tó ń fi orí ìdáhùn ìkànnì hàn) àti àdírẹ́sì àtijọ́ náà sí tẹ́míná, ojú tí a ń tẹ àṣẹ sí. Nọ́ńbà tó bá jáde ní ìlà àkọ́kọ́, tó ń sọ bóyá títí láé ni àbí fún ìgbà díẹ̀, ni framework yín ń lò bí ẹnikẹ́ni ò bá yàn fún un. Ní Django, framework kan, redirect() máa ń fún wa ní 302. RedirectView, ọ̀nà mìíràn tí Django fi ń ṣe redirect, náà ń fún wa ní 302 báyìí, ṣùgbọ́n 301 ló ń fún wa kó tó di ẹ̀dà 1.9. Ti Rails, framework mìíràn, tún yàtọ̀: redirect_to inú controller (apá tó ń dá oníbàárà lóhùn), 302, redirect inú routes (àkójọ àdírẹ́sì ìkànnì), 301. Inú ilé kan náà o! Gbólóhùn àkọ́kọ́ pàá nínú ìwé yín ló yẹ kí nọ́ńbà yìí wà, pẹ̀lú ẹ̀dà tó bá a mu.

Ẹ wá fara balẹ̀ lórí 301, torí ibẹ̀ ni wàhálà wà. "Fún ìgbà díẹ̀" ni 302 ń wí. "Títí láé" ni 301 ń wí, bùráwúsà sì lè tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù oníbàárà. Mo fi permanent=True, tó ń sọ redirect di 301, darí ojú ewé kan síbi ọjà Iléyá fún ìyá kan tó ń ta òfì. Iléyá tán, mo yọ ọ́ kúrò. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá pè: "Ọmọ mi, ṣé àgbò ṣì kù nílẹ̀ ni? Ibi ọjà Iléyá làwọn oníbàárà mi ṣì ń já sí." Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, gbogbo ẹ̀ dára, torí mo ti pa ohun tí bùráwúsà tọ́jú rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín: 302 ni kí wọ́n fi dán an wò ná; ìgbà tó bá dá wọn lójú ni kí wọ́n yí i sí 301.

Fọ́ọ̀mù náà ní tiẹ̀. Bí 301 tàbí 302 bá pàdé POST (ọ̀nà tí fọ́ọ̀mù fi ń fi ohun tí a kọ ránṣẹ́), bùráwúsà sábà máa ń sọ ọ́ di GET (kíkàn béèrè fún ojú ewé), ohun tí ẹni náà kọ á sì dàwátì. 307 (fún ìgbà díẹ̀) àti 308 (títí láé) kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti Django 5.2, preserve_request=True ló ń jẹ́ kí redirect() lò wọ́n.

Ẹ má sì fi àpẹẹrẹ tó ń mú àdírẹ́sì látinú ?next= (apá URL tó ń sọ ibi tí ènìyàn máa lọ tẹ̀ lé e), tó sì ń darí ènìyàn síbẹ̀ tààrà, sílẹ̀. Wọ́n á dà á kọ bó ṣe wà, oníjìbìtì á wá fi orúkọ ìkànnì wọn tan ènìyàn lọ sí tirẹ̀. Inú àpẹẹrẹ náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi url_has_allowed_host_and_scheme sí, ìyẹn irinṣẹ́ Django tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìkànnì tí a gbà láàyè ni àdírẹ́sì náà.

Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Tanke tí kò lo framework náà rí, ẹ gbé e fún un, kẹ́ ẹ sì panu mọ́. Ibi tó bá ti dúró bi yín léèrè, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ tún kọ kẹ́ ẹ tó fi pull request (àtúnṣe tí àwọn tó ni ìwé náà máa yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà á) ránṣẹ́.