Bí tátù ṣe lè jẹ́ ká mọ òkú tí ẹnikẹ́ni ò dá mọ̀

Tí ojú òkú bá ti wú, tí kò sí káàdì kankan lápò ẹ̀, awọ ara ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, gbogbo ẹ̀ o, ẹ̀yìn etí, abíyá, àárín ìka, inú ètè pàápàá, bóyá ẹ máa rí tátù.

Tẹ́ ẹ bá rí tátù, kí omi tó kàn án, ẹ kọ́kọ́ yà á ní fọ́tò bẹ́ ẹ ṣe bá a. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ rọra fi omi àti fóòmù nù ún, ẹ má ha á, ẹ wá tún un yà, ọ̀kan láti òkèèrè kó hàn pé apá ni àbí itan, òmíì nítòsí pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí kámẹ́rà kọjú sí i tààrà.

Awọ ti bó tàbí ó ti ṣú, àwọn kan á ní tátù ti lọ nìyẹn. Irọ́ ni! Yíǹkì yẹn ò sí lórí awọ òkè, abẹ́ ẹ̀ ló wà, tí tòkè bá bó lára òkú tó pẹ́ lómi, tátù tún lè hàn ketekete ju tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó ti ṣú, wọ́n lè fi hydrogen peroxide 3%, ìyẹn oògùn olómi tí wọ́n fi ń fọ egbò, pa á kó yọ. Kámẹ́rà infrared, ìyẹn èyí tó ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí, náà máa ń gbé yíǹkì dúdú jáde dáadáa, àmọ́ pupa sábà máa ń pòórá níbẹ̀, torí náà ẹ ya fọ́tò lásán mọ́ ọn. Kódà ẹni tó ti fi lésà pa tiẹ̀ rẹ́, dókítà lè rí àwọ̀ yíǹkì nínú lymph node abíyá ẹ̀, ìyẹn kókó kékeré tó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú ara.

Tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, "òdòdó" nìkan ò tó. Apá wo, àwọ̀ wo, sẹ̀ǹtímítà mélòó, lẹ́tà bó ṣe wà gan-an, tí spelling ẹ̀ bá dàrú ẹ má tún un ṣe, ó lè jẹ́ ibẹ̀ gan-an lẹbí á ti mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì kọ pé ẹgbẹ́ báyìí ló wà o, ẹ̀yin ò bá a débẹ̀.

Tó bá kan aráàlú, ẹ gbé tátù yẹn jáde, kì í ṣe ojú òkú. Obìnrin kan tí wọ́n rí òkú ẹ̀ ní Antwerp, Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́dún 1992, tátù òdòdó ẹ̀ tí Interpol, ìyẹn àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, àtàwọn ọlọ́pàá gbé jáde ní 2023 ni ẹbí ẹ̀ rí nínú ìròyìn tí wọ́n fi dá a mọ̀.

Ṣùgbọ́n èèyàn méjì lè ya àwòrán kan náà sára. Ìtẹ̀ka, eyín àti DNA ni Interpol kà sí ẹ̀rí gidi, tátù kàn ń tì wọ́n lẹ́yìn ni, torí náà bí ẹbí bá tiẹ̀ ń sunkún pé òun ni, ẹ gba DNA wọn kẹ́ ẹ tó gbé òkú fún wọn.