Bí a ṣe ń gbin òdòdó eléwé ńlá sí àgbàlá ilé l'Ábẹ́òkúta nígbà òjò

Kì í ṣe òjò ló ń pa òdòdó eléwé ńlá ní ọ̀pọ̀ àgbàlá l'Ábẹ́òkúta. Omi tí kò rí ọ̀nà jáde ni. Òjò wa máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìparí oṣù kẹta wọ oṣù kẹrin, á le gan-an ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, á sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á sì tún padà dé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ní gbogbo àkókò yìí, ojú ọ̀run ń fún helikóníà, ìdò, lẹ́fun-lósùn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní omi tí wọ́n ń fẹ́. Síbẹ̀, ẹ ó rí ilé tí wọ́n ná owó gidi sórí òdòdó, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹrà láti ìdí kí oṣù keje tó parí, tí ti aládùúgbò wọn sì ń tutù yọ̀yọ̀. Òjò tó rọ̀ sórí ewúro náà ló rọ̀ sórí ìrèké. Ilẹ̀ ni kò rí bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí oníkálukú gbin tirẹ̀ sí.

Nítorí náà, ẹ má tíì mú owó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì. Ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ omi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí omi ń gbà nínú àgbàlá yín

Àpáta pọ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Láwọn ibì kan, ẹ ò ní gbẹ́lẹ̀ ju ẹsẹ̀ kan lọ tí ọkọ́ yóò fi kan òkúta. Omi òjò á wọlẹ̀, á dé orí àpáta, á dúró síbẹ̀, gbòǹgbò á sì wà nínú rẹ̀. Ní àwọn ilé tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, omi kì í dúró rárá, ńṣe ló ń gbá ilẹ̀ lọ tòun ti ajílẹ̀ tí ẹ dà sí i. Ní ìsàlẹ̀, lápá ibi tó súnmọ́ odò Ògùn bíi Lafẹ́nwá, ilẹ̀ lè rin gbingbin fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àgbàlá kan ṣoṣo sì lè ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí òjò ńlá bá ti dá, ẹ wọ bàtà rọ́bà, kí ẹ rìn yí ilé ká. Ẹ wo ibi tí ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí, ibi tí omi ń gbà kọjá, àti ibi tó ti ń dúró. Ẹ ri igi mọ́lẹ̀ síbẹ̀ kí ẹ má baà gbàgbé. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ kan àbọ̀ sí ibi tí ẹ fẹ́ gbin nǹkan sí. Ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, kí ẹ tún pọn òmíràn kún un. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni kí ẹ ṣọ́, torí ti àkọ́kọ́, òùngbẹ ilẹ̀ ló lọ sí. Bí omi ẹ̀ẹ̀kejì bá lọ láàárín wákàtí mélòó kan, ilẹ̀ yẹn gba ohun gbogbo. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ṣì wà níbẹ̀, ẹ ti rí ilé kókò àti ìdò nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan òdòdó tó bá ibi kọ̀ọ̀kan mu

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ.

Fún ibi tí omi ń dúró, ìdò ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó ga, ewé rẹ̀ gbòòrò, ó ń tanná pupa àti òfééfèé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti mọ̀ ọ́n láti ilé bàbá wọn. Kókò náà wúlò níbẹ̀. Àwọn kan ń tà á ní aláwọ̀ dúdú gẹ́gẹ́ bí òdòdó, ó sì máa ń dára gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdò pupa.

Ibi tí ọ̀rinrin wà ṣùgbọ́n tí omi kì í dúró ni ti helikóníà. Àárín àti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Èyí tí òdòdó rẹ̀ ń so kọ́ wálẹ̀, tó pupa tó sì ní ìyeyè lẹ́nu bí ẹnu ẹyẹ, ni àwọn ènìyàn ń bèèrè jù. Ẹ fún un ní àyè tó tó ìgbésẹ̀ ńlá kan lápá gbogbo, torí ó ń bímọ, ó sì ń rìn. Igi helikóníà kọ̀ọ̀kan kì í tanná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tó bá ti tanná tán ni kí ẹ gé sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń gé àwọn ọ̀dọ́ igi kí àgbàlá lè mọ́, òun ló ń gé òdòdó ọdún tó ń bọ̀ dànù.

Ní abẹ́ igi máńgòrò tàbí lẹ́yìn ilé tí òòrùn kì í dé tààrà, lẹ́fun-lósùn ló ni ibẹ̀. Ewé rẹ̀ tó ní funfun àti pupa máa ń tàn nínú òkùnkùn abẹ́ igi ju òdòdó èyíkéyìí lọ. Monstera náà fẹ́ abẹ́ igi. Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ títí dé Panama ni ilé rẹ̀, igi ńlá ló sì máa ń gùn níbẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa fà nílẹ̀, ewé rẹ̀ á kéré, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ya. Bí ẹ bá fi ara rẹ̀ ti igi ọ̀pẹ tàbí máńgòrò tí ẹ sì so ó rọra, ewé á máa tóbi bó ṣe ń gòkè, ihò ara rẹ̀ á sì máa pọ̀. Òòrùn ọ̀sán gangan á jó o.

Fún ibi tó ga tó sì gbẹ, croton (èyí tí ewé rẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀), pèrègún, jínwínní àti ọjà-ìkookò tó. Wọn kì í da ènìyàn láàmú.

Ẹ má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tó wà nínú igbó wa. Tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún ń lọ́ yípo bó ṣe ń dàgbà, òdòdó rẹ̀ funfun rẹ́múrẹ́mú, kò sì fẹ́ ju ọ̀rinrin àti ìbòji díẹ̀ lọ. Ewé eéran, èyí tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, gbòòrò tó sì ń dán débi pé àlejò tó bá rí i nínú ọgbà á bèèrè orílẹ̀-èdè tí ẹ ti rà á wá. Ó dùn mí púpọ̀ bí a ṣe ń náwó lé ewé òkèèrè lórí nígbà tí àwọn wọ̀nyí ń kú lábẹ́ ọkọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Nínú ọgbà tó dára gan-an, méjèèjì ló yẹ kó wà pọ̀.

Travellers palm ńkọ́? Igi Madagásíkà ni, ewé rẹ̀ tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, gbogbo ènìyàn ló sì fẹ́ ẹ. Ó lè ga ju ilé olókè kan lọ. Bí ẹ kò bá ní àyè tó jìnnà sí ògiri, sí òrùlé àti sí wáyà iná, ẹ má gbìn ín. Nígbà tó bá kéré nínú ìkòkò ló ń tan ènìyàn jẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tún ilẹ̀ ṣe

Ibi tí omi ń dúró, tí ẹ kò sì fẹ́ gbin ìdò nìkan sí, ẹ kọ ebè gbọọrọ tó ga tó ẹsẹ̀ kan. Òkúta kò wọ́n ní ìlú wa, ẹ tò ó sí etí ebè kí òjò má baà wó o. Ilẹ̀ dúdú orí ilẹ̀ apá méjì, ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa apá kan, èèpo ìrẹsì tàbí háhá àgbọn apá kan: ẹ pò wọ́n pọ̀. Èèpo ìrẹsì kò ṣòroó rí ní ibi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì ọ̀fadà lápá Ọbáfẹ́mi-Owódé. Imí adìyẹ tútù kò gbọdọ̀ kan gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó, kí ẹ jẹ́ kó tó bí oṣù méjì títí tí kò ní rùn mọ́. Ìyẹ̀fun pákó tútù náà kò dára nínú ilẹ̀, torí bó bá ń jẹrà, ó máa ń gba oúnjẹ mọ́ òdòdó lọ́wọ́. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ fi í sí bí ẹ bá fẹ́ lò ó.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ kọ ebè ní ìbú, kí ó dojú kọ omi. Bí ẹ bá kọ ọ́ wálẹ̀ láti òkè, ẹ ti la ọ̀nà fún ọ̀gbàrá nìyẹn.

Fún àwọn tó ń lo ìkòkò: ẹ má kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ń jẹ́ kí omi jáde, ṣùgbọ́n omi á dúró sínú ilẹ̀ tó wà lórí òkúta náà, á sì súnmọ́ gbòǹgbò sí i. Ihò ńlá nídìí ìkòkò àti ilẹ̀ tó fúyẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: gbígbìn

Oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ló dára jù, nígbà tí ilẹ̀ ti rin ṣùgbọ́n tí òjò kò tíì le. Ẹni tó bá pẹ́ kó dúró di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ọmọ helikóníà tí a bá rì mọ́lẹ̀ láàárín oṣù keje sábà máa ń rà. Lẹ́yìn oṣù kẹwàá, ọyẹ́ á bá a kí gbòǹgbò rẹ̀ tó múlẹ̀.

Bí ẹ bá ń rà, ẹ yọ ọ̀kan nínú ọ̀rá dúdú kí ẹ wo gbòǹgbò. Kó le, kó sì funfun tàbí kó pọ́n díẹ̀. Bó bá dúdú tó sì ń rùn, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá tọrọ ọmọ helikóníà lọ́wọ́ ará ilé tàbí ọ̀rẹ́, ẹ gé igi orí rẹ̀ kù tó ẹsẹ̀ kan, kí ẹ bu ilẹ̀ lé ìdí rẹ̀ níwọ̀nba ìka mẹ́ta sí mẹ́rin, kó má wọlẹ̀ jù. Èyí tó ga sẹ́yìn, èyí tó kéré síwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀, ṣùgbọ́n kí ewé náà má kan ara igi, torí ọ̀rinrin tó bá fara mọ́ igi ló ń mú un jẹrà.

Oúnjẹ, kòkòrò àti ẹ̀fọn

Òjò líle máa ń fọ oúnjẹ inú ilẹ̀ lọ. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ ní oṣù keje, tí ilẹ̀ kò sì kún fómi, ebi ló ń pa á. Díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè ni kí ẹ máa fún un: ẹ̀kúnwọ́ ajílẹ̀ méjì ní ìdí kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, tàbí ajílẹ̀ òyìnbó NPK 15-15-15 níwọ̀n ṣíbí ìmùkọ kan, kó jìnnà díẹ̀ sí igi. Ẹ má fi sílẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣú, torí inú gọ́tà ló máa bá omi lọ.

Ìgbín fẹ́ràn lẹ́fun-lósùn. Alẹ́ lẹ́yìn òjò ni kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì jáde kí ẹ ṣà wọ́n. Fún tata àti àwọn kòkòrò funfun bí òwú tó ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé, ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kí ẹ tó fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́.

Ti ẹ̀fọn lágbára jù. Ìdí ewé travellers palm, ìdí ewé àwọn òdòdó tó jọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àti àwo abẹ́ ìkòkò, gbogbo wọn ń gba omi òjò dúró. Tanwíjí lè di ẹ̀fọn láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà, ẹ da omi àwo nù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí kí ẹ fi yanrìn kún un. Fún ìdí ewé, ẹ fi omi ẹ̀rọ tó lágbára fọ̀ ọ́ jáde. Ilé tó ní ọmọ kékeré tàbí aboyún kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ewúrẹ́

Lẹ́fun-lósùn, monstera àti dieffenbachia (òdòdó inú ìkòkò tí ewé ńlá rẹ̀ ní àmì funfun) ní ohun kan nínú omi ara wọn tó dà bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ètè àti ahọ́n á máa jó o, á sì wú. Ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀fun bá wú tàbí tí mímí bá ṣòro, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ má gbin lẹ́fun-lósùn mọ́ kókò tí ẹ̀ ń jẹ rárá, torí ewé wọn jọra, ẹni tí kò mọ̀ sì lè wa èyí tí kò yẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń gé wọn. Ewúrẹ́ ní tirẹ̀ á jẹ ìdò àti ọ̀dọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láìṣẹ́ kù, nítorí náà ọgbà tí kò ní odi nílò wáyà kó tó nílò òdòdó.

Nígbà ọyẹ́

Láti oṣù kejìlá wọ oṣù kejì, etí ewé á gbẹ, á di pípọ́n. Kò tíì kú. Ẹ fi ewé gbígbẹ kún èyí tó wà nílẹ̀ títí á fi nípọn tó àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ bomi rin helikóníà àti monstera dáadáa lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ dípò kí ẹ máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ dára fún un. Ẹ má bu ajílẹ̀ kankan sí i lásìkò yìí.

Lẹ́fun-lósùn ní tirẹ̀ á wọlẹ̀ lọ, ewé rẹ̀ á sì pòórá. Ẹ má hú u dànù. Bí ilẹ̀ yín bá gbẹ, ẹ fi iṣu rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ fi igi sàmì sí i kí ẹni tó ń ro ilẹ̀ má baà fi ọkọ́ bẹ́ ẹ. Bí ibẹ̀ bá máa ń rin, ẹ wà á, ẹ gbọn ilẹ̀ ara rẹ̀ nù, kí ẹ fi sínú apẹ̀rẹ̀ tó ní ìyẹ̀fun pákó gbígbẹ, níbi tí atẹ́gùn ń dé tí eku kò lè dé, títí di ìparí oṣù kẹta.