Bí A Ṣe Sọ Ilé Bàbá Àgbà Di Ilé Oúnjẹ ní Ọ̀fà

Kí n tó ná kọ́bọ̀ sí ilé yìí, mo gbé àpótí lọ jókòó sínú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oòrùn ń ta lóde, inú ilé tutù. Mo tún padà lọ lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀, ọjọ́ yẹn ni ilé náà fi ibi tó ń dùn ún hàn mí: páànù ń jò lókè àtẹ̀gùn, ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ sì ń já lu ilẹ̀, ó ń ta padà sí ìdí ògiri ẹ̀yìn. Ibi méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí àwọn bíríkìlà wò. Wọn ò wò ó. Ọ̀kan ní ká wó o lulẹ̀ ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun; èyí tó ṣàánú wa jù ní ká fi síméńtì rẹ́ ẹ yíká, ká sì kùn ún ní ọ̀dà.

Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni, lójú ọ̀nà tó lọ sí ibùdó rélùwéè. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Jẹ́bà ní 1909, àárín àsìkò yẹn ló gba Ọ̀fà kọjá, ó sì gbé ọjà ìlú wa lọ sí Èkó àti òkè Ọya. Bàbá àgbà wa wà nínú àwọn tí òwò ojú irin sọ di onílé. Fèrèsé òkè ilé náà tẹ̀ kọrọdọ lórí, irú èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Èkó ń kọ́, tí àwọn bíríkìlà wá gbé wọ àwọn ìlú òkè. Ìsàlẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, òkè jẹ́ ibi tí wọ́n ń sùn. Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ fẹ̀ nítorí ẹrù tó ń wọlé tó ń jáde, ohun tó jẹ́ kí n rò ó pé oúnjẹ á bá a mu nìyẹn. Ilé tí wọ́n kọ́ fún èrò kò ní yọ èrò lẹ́nu.

Ilé ẹbí ni ṣá, kì í ṣe tèmi. Olórí ẹbí wa kọ́kọ́ wò mí títí.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ ra ilé bàbá mi ni?”

“Rárá o, Bàbá. Mo fẹ́ máa dáná níbẹ̀, kí n sì máa san owó fún ẹbí.”

“Iná? Nínú pẹ́tẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ pákó ni àjà rẹ̀?”

“Àgbàlá ni, Bàbá. Iná ò ní wọlé rárá.”

Wọ́n pe ìdílé kọ̀ọ̀kan jókòó. Ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹnìkan tilẹ̀ jí ẹjọ́ ilẹ̀ oko tó ti sùn dìde. Àdéhùn tí a fẹnu kò lé lórí la gbé fún lọ́yà kó kọ sílẹ̀, aṣojú ìdílé kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ sí i: páànù ni owó ilé ọdún kìn-ín-ní máa lọ fún, yàrá Ìyá Àgbà lókè á wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ olórí ẹbí, a ò gbọdọ̀ ta ọtí, a ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú oórì tó wà lápá kan àgbàlá. Ẹ má fi ẹnu lásán ṣe irú nǹkan yìí. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín músẹ́ sí yín nígbà tí ilé ń jò lè má rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí ọbẹ̀ bá ń ta sánsán.

Ọ̀rọ̀ ògiri ló jẹ mí lógún jù. Mo wá baálé kan tó ti ń mọ ilé alámọ̀ láti kékeré, lápá Ìjàgbó, mo sì bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dé, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn fi igi kan lu ògiri iwájú, níbi tí ẹnìkan nínú ẹbí ti fi síméńtì rẹ́ ẹ láyé ọjọ́un. Ó dún bí ìlù. Wọ́n tẹ irin bọ etí rẹ̀, síméńtì náà sì ṣí odidi, ó balẹ̀. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tutù, ó ń rún. “Ẹ ò rí i?” Wọ́n ní síméńtì le, kò sì mí, bó bá ti sán pẹ́nrẹ́n, omi á wọlé, kò ní ráyè jáde. Amọ̀ á máa wú, á máa súnkì lábẹ́ rẹ̀, títí méjèèjì á fi pínyà. Ògiri alámọ̀ tó wà ní ìhòòhò máa ń mu omi òjò díẹ̀, oòrùn ọ̀sán a sì gbà á padà. Ògiri tí wọ́n ti fi síméńtì bò ò rí oòrùn kankan.

Amọ̀ la fi tún amọ̀ ṣe. A wa iyẹ̀pẹ̀ ògán, èyí tí ikán ti lọ̀ kúnná, a pò ó mọ́ ilẹ̀ pupa àti koríko tí a gé wẹ́wẹ́, a fi ìgbẹ́ màlúù sí i. (Ẹ má yí imú. Bó bá gbẹ, kò rùn.) Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a bò ó mọ́lẹ̀ kó kan díẹ̀, wọ́n sì tún un tẹ̀ lójoojúmọ́ títí kò fi ní kókó mọ́. A fi omi wọ́n ògiri kí ọwọ́ amọ̀ kìn-ín-ní tó lọ sórí rẹ̀, a jẹ́ kó gbẹ kó sì sán tó bá fẹ́ sán, kí a tó fi ọwọ́ kejì tó fẹ́lẹ́ dí ojú ibi tó sán. Èèpo èso igi irúgbá ni wọ́n sè fún ọwọ́ ìkẹyìn. Omi rẹ̀ pọ́n dúdú, ó ń fà díẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí òjò tètè fọ ojú ògiri. Ìgbà ọyẹ́ la ṣe é, afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ nǹkan ju bó ṣe yẹ lọ, a fi àpò ìdọ̀họ tí a rì sómi kọ́ sójú ògiri lọ́sàn-án.

Èmi ò bá síméńtì jà o. Òun la fi ṣe gọ́tà yíká ilé, òun la sì fi tẹ́ ìdí ògiri ẹ̀yìn kí omi máa ṣàn lọ. Páànù tuntun gùn jáde ju ti àtijọ́ lọ kí ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ lè jìnnà sí ògiri. Ikán ti jẹ àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn kan, káfíńtà pààrọ̀ rẹ̀. Ihò ìgbẹ́ wà ní ìkángun àgbàlá, ó jìnnà sí kànga, ó sì jìnnà sí ilé.

Ilé ìdáná fúnra rẹ̀, búlọ́ọ̀kù la fi kọ́ ọ. A ṣí i sílẹ̀ lápá méjì kí èéfín lè jáde, a sì fi táìlì sí ògiri rẹ̀ nítorí àwọn wolé-wolé fẹ́ ibi tí a lè fọ̀ tán. Wọ́n wò ó, wọ́n béèrè ibi tí omi ìfọwọ́ wà, wọ́n sì ní kí gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́. A lọ.

Oúnjẹ ńkọ́? Ìlú tó mọ ànàmọ́ gbìn bíi tiwa, n kò rí ìdí tí mo fi máa gbé ìrẹsì síwájú. Àmàlà ànàmọ́ ni mo fi ṣílé. A bó o, a gé e pẹlẹbẹ, a sá a gbẹ kan-kan kí a tó lọ̀ ọ́. Bí ọ̀rinrin bá kù nínú rẹ̀, èlùbọ́ rẹ̀ á bu. Àmàlà rẹ̀ dúdú, ó dùn, ó sì máa ń rọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n rò, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bu èlùbọ́ iṣu díẹ̀ mọ́ ọn. Ewédú nìkan kò tó fún un. Ó fẹ́ ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ dúró, kó ní irú, kí adùn àti ata lè pàdé lẹ́nu. Àwọn ọmọ Poli wa, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ń béèrè jọ̀lọ́ọ̀fù, mo sì ń sè é fún wọn, àmọ́ dùndún ànàmọ́ pẹ̀lú wàrà díndín ni wọ́n ń padà wá rà nírọ̀lẹ́. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń gbé wàrà wá fún wa láàárọ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ń bá mi fa ọ̀rọ̀ òkè báyìí. Ó fẹ́ ká kó tábìlì síbẹ̀, ká gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i fún àwọn ọ̀gá. Mo ní kò sí. Amọ̀ ni wọ́n tẹ́ lé orí pákó òkè yẹn, kò sí ẹni tó wọn ìwúwo tó lè gbé. Ẹ̀rọ náà á sì máa kán omi sí ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lára. Ẹni tó bá fẹ́ atẹ́gùn, ìsàlẹ̀ tutù. Owó tó fẹ́ fi ra ẹ̀rọ, kó gbé e wá ká fi kó iyẹ̀pẹ̀ ògán sílẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, nítorí ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn, níbi tí ìjì òjò ti ń wá, á tún béèrè ọwọ́ kan sí i.