Kí Àìsàn Tó Dé: Owó Adójútòfò àti Owó Àánú nínú Ilé Àgbẹ̀

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí mo lọ, kí akọ̀wé tó ka ìwé ìpàdé ni wọ́n ti gbé igbá kiri. Ìpá ló ń yọ ọmọ ẹgbẹ́ kan lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí bàbá náà ti ń fi ọ̀já dì í, tó ń kọ ebè bẹ́ẹ̀, títí ìfun fi há ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ọsibítù ní kí wọ́n san dìpọ́sìtì kí dókítà tó mú ọ̀bẹ. Igbá yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì, owó inú rẹ̀ kò tó ìdajì. Àárín òjò ni, kòkó kò tíì pọ́n, ta ló lówó lọ́wọ́? Ìyàwó bàbá náà ta ẹ̀rọ tó fi ń lọ ẹ̀gẹ́ kí owó tó pé.

Bàbá náà yè. Ẹ̀rọ náà kò padà wálé.

Ó dùn mí nítorí pé ìpá wà lára iṣẹ́ abẹ tí ọ̀pọ̀ ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ máa ń sanwó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ìwé yìí.

Àáró ni, kì í ṣe èsúsú

Ẹni tó bá ti bá wọn ṣe àáró rí ti mọ adójútòfò, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní ínṣọ́ránsì. Gbogbo ẹ̀yin ni ẹ jọ ń da ọkọ́ bo oko ẹnì kan. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nínú àáró, oko kálukú ni yóò kàn. Nínú adójútòfò, ẹ̀ ń gbàdúrà kí ó má kàn yín ni. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń bínú. "Mo sanwó lọ́dún tó kọjá, n ò ṣàìsàn, owó mi dà?" Owó yín ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún aboyún kan ní abúlé kejì. Èsúsú ló ní ọjọ́ kíkó. Eléyìí kò ní.

Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ló dá NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera, sílẹ̀ dípò NHIS àtijọ́, òun náà ló sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Dandan orí ìwé ni títí di ìsinsìnyí, nítorí nínú èèyàn mẹ́wàá, ekukáká la fi máa rí ẹnì kan tó ti wà nínú ètò kankan. Àgbẹ̀ kì í gba owó oṣù tí wọ́n lè yọ ọ́ nínú rẹ̀, nítorí náà ètò ìpínlẹ̀ ni tiwa: Èkó ní Ìlera Èkó, Ọ̀yọ́ ní OYSHIA, Ọ̀ṣun ní O-HIS, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù náà sì ní tiwọn. Nígbà tí Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀, ₦8,500 ni ẹnì kan ń san lọ́dún, ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà ń san ₦40,000. Owó náà ti lé sí i lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye tòní kí ẹ tó kó owó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé iye tí ẹ san fún oògùn apakòkòrò lọ́dún yìí.

Ibi tí kò dé

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé káàdì adójútòfò ń gbọ́ gbogbo bùkátà. Ibà, oyún àti ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àwọn iṣẹ́ abẹ tó wọ́pọ̀: ibẹ̀ ló ti lágbára. Tó bá di jẹjẹrẹ, tàbí kíndìnrín tó ti kọṣẹ́, owó tí ètò lè san lé e lórí máa ń tètè tán, ọ̀pọ̀ ètò kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ kíndìnrín rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti kíndìnrín. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ (dialysis) lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́ yóò wá sílẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan. UCH Ìbàdàn, LUTH ní Èkó, ti Ẹbúté-Mẹ́ta àti ti Abẹ́òkúta wà nínú wọn. Ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yóò san ₦36,000 lọ́sẹ̀ kan ní iye tuntun yẹn. Tẹ́lẹ̀, ₦150,000 ni. Ìrọ̀rùn ńlá ni, a ò lè sẹ́ ẹ, àmọ́ kò sí oko ẹ̀gẹ́ tó lè gbé ₦36,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan gbáko. A ò tíì ka owó ọkọ̀ láti oko dé Ìbàdàn. Irú ibí yìí gan-an ni owó àánú wúlò fún.

Owó àánú, àti ojú tó ń wò

Èmi kì í bú àánú. Òun ló tọ́ púpọ̀ nínú wa dàgbà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tó ṣiṣẹ́, mo sì ti rí ibi tó ti kùnà. Àánú a máa wojú. Ẹ gbé fọ́tò ọmọ kékeré tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn sórí WhatsApp, owó á rọ̀ bí òjò. Ẹ gbé ti bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tí kò lè tọ̀, àwọn èèyàn á ní "Ọlọ́run á wo bàbá sàn," wọ́n á sì kọjá. Èkejì, àánú a máa pẹ́ dé. Ọjọ́ tí ìfun há kò lè dúró de Sunday tí pásítọ̀ yóò kéde rẹ̀.

Àwọn gbájú-ẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá bẹ̀ yín pé kí ẹ dá owó fún aláìsàn, ẹ béèrè orúkọ ọsibítù àti nọ́ńbà káàdì aláìsàn, kí ẹ sì san án sí àkáǹtì ọsibítù fúnra rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí àánú ṣíwájú àìsàn. Sàká mọ́ṣáláṣí, owó ìrànwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, owó tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní London àti Houston ń fi ránṣẹ́ nígbà ọdún: kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n fi sanwó adójútòfò ọdún kan fún àwọn opó àti arúgbó tí kò lẹ́nìkan. Kí ìyókù wà nílẹ̀ de jẹjẹrẹ àti kíndìnrín, níbi tí káàdì kò dé. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá opó àti tálákà lè wọlé lọ́fẹ̀ẹ́: òfin ìlera ọdún 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́ọ́dé, apá kan nínú rẹ̀ sì wà fún irú wọn.

Tí ejò bá ṣán èèyàn

Ẹ sáré gbé e lọ ọsibítù. Òfin ọdún 2014 yẹn náà ló sọ pé kò sí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì, torí owó tàbí torí ohunkóhun mìíràn. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, wà fún ẹni tó bá kọ̀ ọ́. Ẹ lè sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tó bá ní kí ẹ lọ mú owó wá. Ẹ fi sùúrù sọ ọ́.

Ìgbà tí ẹ ó san án

Ìgbà tí ẹ bá ta kòkó ni, kí owó tó fò lọ sórí aṣọ ẹbí. Ẹ mú nọ́ńbà NIN gbogbo ará ilé dání, àti ti ọmọ ọwọ́. Ilé ìwòsàn tí ẹ ó mú ṣe kókó ju iye owó lọ: ẹ mú èyí tí ọ̀kadà lè gbé yín dé lóru, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi àwọn ìyá tó bímọ síbẹ̀ láìpẹ́ bóyá oògùn wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí káàdì yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí ẹni tó sanwó lónìí lè má tíì lè lò ó lọ́la. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé yín lọ sí ọsibítù ńlá, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kúrò; láìsí i, ẹ̀yin lẹ ó san gbogbo owó ibẹ̀.

Wàhálà wà o. Wọ́n á ní oògùn ti tán, kí ẹ lọ rà á níta. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì níwájú wọn níbẹ̀. Mo ti rí i tí oògùn tó "ti tán" jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ní ẹgbẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n ń pín èlé ni wọ́n ń gba owó adójútòfò, òṣìṣẹ́ ètò ìpínlẹ̀ á sì wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì akápò. Ìyàwó bàbá onípá yẹn ni akápò báyìí. Tí ẹnìkan bá ní òun yóò mú tòun wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á yọ ọ́ nínú èlé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì na ìyókù sí i.