Bẹ́ ẹ ṣe lè bá oníṣòwò mìíì pawọ́ pọ̀ ta ọjà yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ará Èkìtì tẹ́ ẹ̀ ń fi fóònù tajà, ẹ̀ báà wà l'Ádó, Ìkéré, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìjerò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń kówó fún Facebook lóṣooṣù kí wọ́n lè bá wa polówó, owó á tán, àwọn tó ń béèrè iye á pọ̀ bíi nǹkan míì, àwọn tó rà ò ní tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan wà nítòsí yín tó ti ní irú kọ́sítọ́mà tẹ́ ẹ̀ ń wá, tí wọ́n sì ti fọkàn tán an, ọjà ọ̀tọ̀ ló kàn ń tà fún wọn. Ẹ lọ bá a. Ẹ jọ polówó, ẹ jọ pín èrè. Ohun tí wọ́n ń pè ní joint venture náà nìyẹn, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gba ọ́fíìsì.

Ẹni tẹ́ ẹ máa bá ṣe ló ṣe pàtàkì jù. Kó má jẹ́ ẹni tó ń ta ohun tẹ́ ẹ̀ ń tà, kó má sì jẹ́ ẹni tí ọjà ẹ̀ ò bá tiyín tan rárá. Ká ní pòǹdó lẹ̀ ń tà, tẹ́ ẹ̀ ń dì í sínú ọ̀rá, tẹ́ ẹ̀ ń fún dírẹ́bà ní gáréèjì Adó pé kó bá yín gbé e lọ s'Ékòó fáwọn ọmọ Èkìtì tí ò lódó nílé. Ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ àti ẹ̀gúsí lílọ̀ lórí WhatsApp, òun gan-an lẹ̀ ń wá, torí ẹni tó bá se ẹ̀gúsí á ṣáà fi jẹ nǹkan. Ẹni tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù ìyàwó àti ẹni tó ń ya fọ́tò náà bára wọn mu, bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ń ránṣọ fáwọn ọmọ EKSU ní Ìwòròkò àti ẹni tó ń ta bàtà.

Ẹ má jẹ́ kí iye fọ́lówà tàn yín. Ẹni tí 300 èèyàn ń wo status ẹ̀, tí wọ́n ń fèsì, tí wọ́n ń sanwó kí ọjà tó kúrò nílẹ̀, ó wù mí ju ẹni tó ní 20,000 lórí Instagram tí kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Kẹ́ ẹ tó bá a sọ̀rọ̀ rárá, ẹ kọ́kọ́ ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa ń tètè fèsì, bó ṣe dì í, ṣé ọjọ́ tó dá náà ló dé, torí bó bá já kọ́sítọ́mà kulẹ̀, orúkọ tiyín náà máa bàjẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá kọ̀wé sí i, bí irú èyí: "Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni mo ra ẹja lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dáa gan-an mà. Pòǹdó ni mò ń tà, mo fẹ́ fi ọ̀rá kan ránṣẹ́ sí yín kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e sí status fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa ní ₦680 lórí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan táwọn èèyàn yín bá rà."

Báwo ni ₦680 ṣe jẹ́? Ibi owó yìí gan-an nìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ṣírò ẹ̀. Ká ní ₦5,000 lẹ̀ ń ta ọ̀rá kan, tí iṣu àti lílọ̀ jẹ́ ₦3,000, tí ọ̀rá àti sítíkà jẹ́ ₦300. Èrè yín ₦1,700. Tẹ́ ẹ bá ṣèlérí ìdá 20 nínú 100 lórí iye tẹ́ ẹ tà á, ₦1,000 ti lọ, ₦700 péré ló kù fún yín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìdá 40 nínú èrè, ₦680 ni tiẹ̀, ₦1,020 ni tiyín. Lórí èrè ni kẹ́ ẹ ti máa pín in, kẹ́ ẹ sì yọ owó mọ́tò kúrò nínú ìṣirò, kọ́sítọ́mà ló máa san ìyẹn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ kọ́sítọ́mà tó tọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣe wá? WhatsApp Business ní ibi tẹ́ ẹ ti lè ṣe link tó ti ní ọ̀rọ̀ nínú tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ìyá Ẹlẹ́ja ló ní kí n wá", kó máa lo link yẹn nìkan. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló máa bá níbi tó ti fẹ́ kọ̀wé sí yín, ẹ̀yin á fi léébù, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tó wà nínú WhatsApp Business, sí orúkọ ẹ̀. Tó bá jẹ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì lẹ ní, Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń báni gbowó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè pín owó náà fúnra ẹ̀ bí kọ́sítọ́mà bá ṣe ń san án.

Status ò ju wákàtí 24 lọ, nítorí náà ẹ fún un ní fọ́tò àti fídíò tó máa tó gbé síbẹ̀ lójoojúmọ́. Fídíò tó ń tà jù ni ibi tẹ́ ẹ ti ń rò ó: omi tó ń hó, ìyẹ̀fun tẹ́ ẹ̀ ń dà sí i, orógùn tó ń yí i títí tó fi ń fà bí iyán odó. Kó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun jẹ ẹ́, kó má kan kópì ọ̀rọ̀ yín.

Ẹ má gba nọ́ńbà àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ o, ẹ má sì fún un ní tiyín. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, kọ́sítọ́mà pàápàá máa bínú. Kálukú kó bá àwọn èèyàn tiẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀, kódà bó jẹ́ orí WhatsApp: iye tẹ́ ẹ ó tà á, iye tó kàn án, ọjọ́ tẹ́ ẹ ó máa sanwó, ẹni tó máa jẹ gbèsè bí wọ́n bá dá ọjà padà, ọjọ́ tó máa parí, àti pé kò sẹ́ni tó lè fi orúkọ ẹnì kejì yáwó. Ọ̀rẹ́ yín ni, ìbátan yín ni, ẹ kọ ọ́. Tó bá jẹ́ Friday lẹ dá, ẹ sanwó ní Friday kó tó béèrè, kẹ́ ẹ fi àkọsílẹ̀ ọjà tẹ́ ẹ tà tẹ̀ lé e.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò kì í rántí ni kọ́sítọ́mà tó bá padà wá. Ṣé ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣe tún máa gba nǹkan lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì? Lójú tèmi, ó yẹ kó rí díẹ̀, bíi ₦200 lórí ọ̀rá kan, fún oṣù mẹ́ta, torí òun ló mú un wá, bó bá sì mọ̀ pé nǹkan ṣì ń bọ̀, á máa rán àwọn èèyàn ẹ̀ létí yín. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ti yín ni kọ́sítọ́mà náà. Ẹ jẹ́ kó wà nínú àdéhùn kẹ́ ẹ tó gbé ọ̀rá àkọ́kọ́ fún dírẹ́bà.