Bí Mo Ṣe Fi Ọjọ́ Sí Ààlà Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, ọmọ Adó-Èkìtì tó ti pẹ́ ní Àkúrẹ́, mú ìwé ìbí ọmọ wọn wá bá mi. Adó ni wọ́n bí i sí ní 1985, àmọ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló wà nínú ìwé. “Ọmọ mi, bá mi wò ó nínú kọ̀ǹpútà rẹ yẹn. Ṣé kò ní di wàhálà?”

Mo ti ní dátábéèsì ààlà àwọn ìpínlẹ̀ nínú PostGIS, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìrísí ilẹ̀. Mo bi dátábéèsì náà léèrè ìpínlẹ̀ tí Adó wà, ó ní Èkìtì. Kò purọ́, òní nìkan ló mọ̀. Orí ààlà àtijọ́ ni mo kó tuntun lé lọ́jọ́sí, ti àtijọ́ sì pa rẹ́. Ó dùn mí gan-an.

Mo tún un tò. Tábìlì kan fún orúkọ: Oǹdó ni Oǹdó, ì báà fẹ̀, ì báà súnkì. Tábìlì kejì fún ìrísí ilẹ̀, kálukú pẹ̀lú ìgbà tirẹ̀. Mo fi ST_Union, àṣẹ tó ń pa ilẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, so Oǹdó òní mọ́ Èkìtì kí n lè rí ti àtijọ́ padà, mo wá kọ ìgbà rẹ̀ báyìí:

[1976-02-03,1996-10-01)

Ẹ wo àmì méjèèjì dáadáa. Èyí tó wà níwájú gba ọjọ́ tirẹ̀ mọ́ra. Èyí tó tẹ̀ kọdọrọ lẹ́yìn kò gbà á, torí ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1996 gan-an ni Èkìtì dá dúró. Ká ní ] ni mo fi pa á dé, Adó ì bá wà ní ìpínlẹ̀ méjì lọ́jọ́ kan náà. Mo tún fi òfin dátábéèsì tó ń jẹ́ EXCLUDE ṣọ́ ọ, kí dátábéèsì kọ̀ bí ìgbà méjì bá gorí ara wọn fún orúkọ kan.

Odò Àlà tó ṣàn gba Àkúrẹ́ kọjá, ní tirẹ̀, kò gba irú ètò yìí. Kò sí ìjọba tó ń kéde ọjọ́ tí bèbè odò sún. Mo gbé GPS rìn ín lẹ́yìn òjò, ọjọ́ tí mo fojú rí i nìkan ni mo sì kọ. Bí mo bá kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí sí i, irọ́ ni mo ń pa fún ẹni tó máa lò ó.

Nírọ̀lẹ́, mo bèèrè: Adó, 1985. Oǹdó ló jáde. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ká ìwé wọn, wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́, ti 1974?”

Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn nìyẹn, kí wọ́n tó pín in sí Oǹdó, Ọ̀yọ́ àti Ògùn ní 1976. Òun ni mo ń kó wọlé lọ́wọ́ báyìí.