Bí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ ṣe lè lọ sí Tarkwa Bay láti Ìjẹ̀bú lówó pọ́ọ́kú

Ọkọ̀ ojú omi ló ń jẹ owó nínú ìrìn àjò yìí, kì í ṣe oúnjẹ. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń dé Tarkwa Bay, etíkun kan lẹ́nu èbúté Èkó, ẹgbẹ́ tó bá sì háyà odindi ọkọ̀, iye kan náà ni yóò san, ì báà jẹ́ ènìyàn 5 ló wọ̀ ọ́ tàbí 10. Ká ní awakọ̀ gba ₦40,000 àlọ àtàbọ̀: ẹni 5 yóò dá ₦8,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni 10 yóò dá ₦4,000. Nítorí náà, iye orí ni ẹ ó kọ́kọ́ kà. Kí owó ti pé lọ́wọ́ ẹnì kan tí kì í wojú ẹnikẹ́ni nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan. "Mò ń bọ̀" kì í ṣe owó.

Láàárín Nofẹ́ńbà sí Máàṣì ni kí ẹ lọ, láàárín ọ̀sẹ̀. Òjò Júùnù àti Júláì máa ń ru omi sókè. Owó gbogbo nǹkan ń lọ sókè nígbà Kérésìmesì, Àjíǹde àti Iléyá. Ní ti ọjọ́ kẹta Iléyá, ìyẹn ọjọ́ Òjúde Ọba, ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló fẹ́ wà létí òkun?

Ẹ gbéra ní aago 5 ìdájí, kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ilé sísùn ló ń ba ìṣirò jẹ́. Ará Rẹ́mọ lè gba Ṣágámù bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ará Ìjẹ̀bú Òde lè gba Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n ra ẹja ní ọjà Olúwo. Ẹja tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ni kí ẹ mú. Kí wọ́n ti bá yín ha á, kí wọ́n kó ìfun rẹ̀ jáde, kí ẹ tò ó sórí yìnyín nínú kúlà. Ẹ máa da omi tó bá yọ́ nù, nítorí ẹja tó bá rẹ sínú omi á rọ̀ pọ̀jẹ̀pọ̀jẹ̀, kò sì ní dúró lórí iná èédú.

Kò sí oúnjẹ tó bá etíkun mu ju gàrí Ìjẹ̀bú lọ. Fún ẹni 10, kóńgò gàrí 2, kóńgò ẹ̀pà 1 àti páálí ṣúgà 1 tó. Ẹ fi ọ̀rá méjì wé gàrí, torí afẹ́fẹ́ òkun máa ń mú un dì. Ẹ din òjòjò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó dé e. Tó bá lóoru nínú abọ́, á rọ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ní tiẹ̀, ẹ fi sílé, oòrùn á bà á jẹ́. Píọ́ wọ́tà: ẹnì kan á mu bíi 6 lójúmọ́ nínú oòrùn yẹn, 20 ló sì wà nínú àpò kan. Fún ẹni 10, àpò 3 ni mímu, ẹ fi àpò kan lé e fún gàrí.

Ní èbúté, ẹ san ìdajì owó, kí ìdajì kù di ìgbà tó bá gbé yín padà. Ẹni tó gba gbogbo owó rẹ̀ lè gbàgbé yín síbẹ̀. Ẹ bá a ṣe àdéhùn pé aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni yóò wá gbé yín, kí ilẹ̀ má ṣú yín sórí omi. Kí olúkúlùkù wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, kó de okùn rẹ̀, kí ẹlòmíràn di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú kó fà á sókè. Bó bá kọjá àgbọ̀n, ó ti tóbi jù, ẹ gba òmíràn.

Omi Tarkwa Bay dákẹ́ díẹ̀ nítorí ògiri òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu èbúté Èkó láyé ìjọba amúnisìn, òun ló ń gba ìgbì. Apá tó kọjú sí òkun gbangba kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ nínú odò nílé kò tíì mọ òkun. Níbi tí ìgbì ti ń fọ́ lọ́tùn-ún lósì, tí àárín wá dákẹ́ rọ́rọ́, ibẹ̀ gan-an ni omi ń gbà padà sínú òkun. Ẹ má wọ ibẹ̀. Bó bá gbé ènìyàn, kó má bá a jà, kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ lọ títí omi á fi tú u sílẹ̀, kó tó kọjú sí iyanrìn. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìbàdí, kí ẹni tó bá ti mutí sì jókòó sórí ẹní.

Ẹ bèèrè iye owó àga àti àgbòòrùn kí ẹ tó jókòó, kí ẹ sì mú owó wẹ́wẹ́ dání, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má jẹ́ kí owó orí fóònù wọlé.